Ikọ́ Ẹ̀yìn Kọ́tìnnì

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ran ọ̀rẹ́ yín lọ́wọ́ láìjẹ́ kó mọ irú ìrànlọ́wọ́ tó jẹ́, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá wí lónìí. Ẹ sún mọ́bí. Fọláránmi fúnra rẹ̀ ló ní kí n ro ẹjọ́ òun fún yín. Ó ní kí n má bo òun láṣìírí, kí n má sì fi ọ̀rọ̀ òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo gba ti àkọ́kọ́. Ti ìkejì, ẹ jẹ́ ká máa wò ó.

Ó ní ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí òun kò tíì rí ẹnu sọ fún ẹni tó ni ín. Ẹ ó gbọ́ ọ tó bá yá.

Ìlódè ló ti ṣẹlẹ̀, ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, lójúde Bàbá Ògúndèjì. Kí ṣẹ́ẹ̀sì, eré ọba àti ẹṣin tí òyìnbó ń ta lórí pátákó, tó dé, ayò ni wọ́n ń ta níbẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó gba yàrá lọ́wọ́ Bàbá ló gbé ṣẹ́ẹ̀sì wá. Akẹ́kọ̀ọ́ kàwé tán, wọ́n lọ, ṣẹ́ẹ̀sì kò lọ. Òfin ayò náà kò sì lọ. Ní ojúde yẹn, ẹnu òǹwòran kò ní ìlẹ̀kùn. Bí o bá fẹ́ ṣe àṣìṣe, ẹnìkan á pòṣé, ẹnìkan á rẹ́rìn-ín, ẹnìkan á wúkọ́. Kò sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní ìrẹ́jẹ. Òǹwòran tí kò bá sọ nǹkan kan, kí ló wá ṣe?

Abdulwahab, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Wàhábù, ni ọ̀ta ibẹ̀, ẹni tó ń na gbogbo ayé. Télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló kọjú sí ojúde náà. Ìkọlù ni ó mọ̀. Bí ẹ bá jókòó síwájú rẹ̀, kò ní í bi yín bóyá ẹ ti jẹun, ẹṣin rẹ̀ á ti wà lẹ́nu ọ̀nà ọba yín. Á fi bíṣọ́ọ̀bù tọrẹ kí ẹ jẹ ẹ́, kó lè ráyè dé ọ̀dọ̀ ọba yín, á fi ẹṣin tọrẹ, á gbá kuìnì mọ́lẹ̀ gbàgà! Àwọn èrò á hó yèè. Kí ẹ tó mọ̀, ọba yín ti kú.

Ṣùgbọ́n tó bá ti di orí fóònù, tó di onláìnì, ọ̀ta á di òpè.

"Fọlá, kí ló ń ṣe mí gan-an?" ó béèrè lọ́jọ́ kan tí ará Filipíìnì kan nà án ní ànàtúnnà. "Irú ẹni tí mo máa ń jẹ bí ẹ̀kọ níbí ló ń fi ojú mi gbolẹ̀ yìí!"

Fọláránmi ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ́fíìsì kan ní yunifásítì ni ó ń bá ṣiṣẹ́. Òun kì í ṣe ọ̀ta. Ká má parọ́, ẹni tí wọ́n ń nà ni. Ṣùgbọ́n ó máa ń wo nǹkan dáadáa.

"Ará Filipíìnì kò gbọ́ ariwo," ó dá a lóhùn. "Àbọ̀ ìkọlù rẹ, ariwo ni, Wàhábù. Níbí, tó o bá gbá kuìnì mọ́lẹ̀, ẹ̀rù á ba ẹni tó wà níwájú rẹ. Lórí fóònù, kò gbọ́ gbàgà. Ó kàn ń ka iye àwọn tó ń bọ̀ wá kọlù ú àti iye àwọn tó ń ṣọ́lé. Méjì lo rán lọ, mẹ́ta ló bá nílé. Kí lo fẹ́ kó ṣe? Ó jẹ wọ́n."

Bàbá Ògúndèjì pàtẹ́wọ́. "Háà! Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀! Fọláránmi, ìwọ ni olùkọ́ rẹ̀ láti òní lọ."

Báyìí ni iṣẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Tí Fọláránmi bá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n á jọ jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Wàhábù, wọ́n á gbé ìdíje tó pàdánù jáde lórí fóònù, wọ́n á máa tú u wò láti ẹ̀yìn wá. Wọ́n rí i pé kì í ṣe ibi ìkọlù gan-an ló ti ń kú. Ó ti máa ń kú ṣáájú ìgbà yẹn, níbi tí kò ti bi ara rẹ̀ pé kí ni ẹnì kejì òun ń fẹ́.

"Kí o tó fọwọ́ kan nǹkan, bi ara rẹ: kí ni ọ̀gbẹ́ni yìí ń wá?" Fọláránmi á ní. "Kó gbogbo ará ilé rẹ jáde kí o tó lọ jà. Tí wọ́n bá nà ọ́, má bẹ̀rẹ̀ òmíràn pẹ̀lú ìbínú. Gbé fóònù sílẹ̀, lọ rán aṣọ."

"Ṣé kí n wá di ọ̀lẹ ni?"

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Ó ń gbọ́, ó ń kùn, ṣùgbọ́n ó ń ṣe é. Máàkì rẹ̀ orí onláìnì bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè díẹ̀díẹ̀ bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Ká ní wọ́n fi mọ bẹ́ẹ̀ ni, n kò ní rí ìtàn kankan sọ fún yín.

Ìkéde kan ló dé. Wọ́n fẹ́ yan àwọn tó máa ṣojú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nínú ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì ní Àbújá, orí onláìnì sì ni wọ́n ti máa yàn wọ́n. Wàhábù ka ìkéde náà tán, ó gbé sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Fọlá, bí mo bá wọ ẹgbẹ́ yìí, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ẹnikẹ́ni máa pe orúkọ mi tí kò ní í jẹ́ nítorí ṣòkòtò." Ó wò ó lójú. "Ṣé mo lè wọlé?"

"O máa wọlé," Fọláránmi ní. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ìdíje kò jìnnà mọ́, ó sì ti fi ọ̀rọ̀ yìí yangàn káàkiri ọ́fíìsì pé òun ni kóòṣì.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ohun tó bàjẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Wàhábù ń bá ará Bùràsíìlì kan ta lójúde, àwọn èrò rọ̀gbà yí i ká. Fọláránmi jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn, ó ń tẹ fóònù tirẹ̀. Áàpù kan wà lórí fóònù náà tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì ju ọmọ ènìyàn lọ. Torí kí wọ́n lè fi yẹ àwọn ìdíje tó ti parí wò ni ó ṣe gbà á. Ọjọ́ yẹn, ó gbé èyí tí kò tíì parí sí i. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ ni. Ẹ ò rí bí "mo kàn fẹ́ mọ̀" ṣe ń ba ayé jẹ́!

Áàpù ní bí Wàhábù bá fi ẹṣin tọrẹ, ó ti kú nìyẹn. Fọláránmi gbójú sókè, ó rí i tí ìka Wàhábù ti ń lọ sórí ẹṣin. Ó wúkọ́.

Wàhábù yíjú wò ó, ó yọwọ́. Ó tún pátákó náà wò, ó gbé ọba rẹ̀ sá wọlé. Níkẹyìn, ó jẹ ará Bùràsíìlì náà.

"Fọlá!" Ó fò mọ́ ọn lọ́rùn. "Ojú rẹ mú o! Báwo lo ṣe rí i?"

Ibẹ̀ gan-an ló yẹ kó ti sọ ọ́. "Èmi kọ́, áàpù ni." Kò le rárá. Ṣùgbọ́n Bàbá Ògúndèjì ti ń mi orí, àwọn èrò ti ń wò ó bí ẹni ń wo ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọkùnrin yìí kò na ẹnikẹ́ni rí lójúde yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹnikẹ́ni kò wò ó bẹ́ẹ̀ rí.

"Mo kàn rí i ni," ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

Láti ọjọ́ náà, ikọ́ di iṣẹ́. Wàhábù á na ọwọ́, Fọláránmi á wúkọ́, Wàhábù á fà á padà. Kò sẹ́ni tó fura, òǹwòran ṣáà ni. Wàhábù náà kò rí aburú kankan níbẹ̀. Òfin orí onláìnì wà lóòótọ́ pé kí ẹnikẹ́ni má ràn yín lọ́wọ́, èdè òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, ó sì gùn. Òun náà tẹ "mo gbà" bí èmi àti ẹ̀yin ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́.

Ẹnì kan ṣoṣo ni ikọ́ yẹn kó ìdààmú bá. Ìyá Ìfẹ́dayọ̀ ni, ìyàwó Bàbá Ògúndèjì.

"Fọláránmi, ikọ́ yìí kò mà lọ o! Gba oyin yìí. Mo ti fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Mu ún níṣojú mi."

"Ẹ ṣé, Mà." Yóò sì mu ún. Kí ló máa sọ? Ẹ wo ọkùnrin ńlá tó ń mu oògùn irọ́ tó fẹnu ara rẹ̀ pa!

Máàkì ń gòkè, ṣùgbọ́n nǹkan kan ń kú. Fọláránmi rí i. Wàhábù kò bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mọ́. Ó kàn máa ń gbé ọwọ́ sókè orí ẹṣin, á dúró díẹ̀, á tẹ́tí sílẹ̀. Nígbà tí Fọláránmi gbìyànjú láti dákẹ́, wọ́n na Wàhábù.

"Ara rẹ ò yá ni?" Wàhábù bi í. "O ò wúkọ́ rárá lónìí."

Ẹ̀rù ba Fọláránmi lọ́jọ́ náà. Ó fẹ́ sọ òtítọ́, ṣùgbọ́n ó yí ọ̀rọ̀ padà.

Sátidé ìdíje pé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti Òṣogbo, Sùmáyà, ni olùdarí. Ó yọjú lórí fóònù, ó kí wọn, ó ka òfin fún wọn ní Yorùbá tó já geere.

"Kí kámẹ́rà yín wà ní títàn, kí a máa rí ojú àti ọwọ́ yín, kí a máa gbọ́ ohùn inú yàrá yín. Kí ẹ dá wà. Kò sí òǹwòran."

Bàbá Ògúndèjì bínú. "Irú eré wo ni kò ní òǹwòran? Ṣé òkú ni wọ́n ń ṣọ́ ni?" Ṣùgbọ́n ó lé gbogbo ènìyàn jáde, ó ní kí Wàhábù máa lo pálọ̀ òun.

Wàhábù fa Fọláránmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "O gbọ́ ohun tó sọ. Má wúkọ́ o."

"Mi ò ní wúkọ́."

"Búra."

"Wàhábù, mo ní mi ò ní wúkọ́."

Ó lọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, lẹ́yìn kọ́tìnnì. Àwọn olùdarí ń gbé ìdíje náà sórí onláìnì bí wọ́n ṣe ń ta á, ó sì ń wò ó lórí fóònù rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó rí fún yín, torí òun ló ń dùn ún jù. Ó rí Wàhábù tó ń dúró. Ó rí i tó ń kó ará ilé jáde kó tó lọ jà. Ó jẹ ẹni àkọ́kọ́, ó jẹ èkejì, ó jẹ ẹni tó tẹ̀ lé e, láìsí ikọ́ kankan. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n jọ kọ́ ní ṣọ́ọ̀bù kò tíì kú! Omi bọ́ lójú Fọláránmi nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn.

Ó wá ku ẹyọ kan, ọmọbìnrin ará Iléṣà kan. Ẹni tó bá jẹ nínú àwọn méjèèjì ló ń lọ sí Àbújá.

Ìdíje náà le. Ó dé ibì kan, Wàhábù dúró, ó dúró títí, aago rẹ̀ ń lọ. Fọláránmi mọ ohun tó ń rò. Ẹṣin ni. Ó fẹ́ fi ẹṣin tọrẹ níwájú ilé ọba ọmọbìnrin náà. Ó ṣí áàpù. Ó kàn fẹ́ mọ̀ ni.

Áàpù ní: òfò ni.

Ó pa ẹnu mọ́. Ó fi ọwọ́ bò ó. Ó rántí pé òun ti ṣèlérí. Ó tún rántí Àbújá, ó rántí ohun tí Wàhábù sọ nípa ṣòkòtò. Kò dúró kí áàpù ronú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wúkọ́.

Ẹṣin kò lọ. Wàhábù ti pọ́ọ̀nù kan, ọmọ ogun kékeré, síwájú dípò rẹ̀. Ẹni tó bá ti jí ẹran inú ìkòkò lẹ́ẹ̀kan, ṣé ó máa ń dúró níbẹ̀? Fọláránmi wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì sí i kí ìdíje náà tó parí. Ọmọbìnrin náà gbà pé òun kú. Ojúde hó gèè!

Wàhábù jáde, ó ṣí kọ́tìnnì. Kò rẹ́rìn-ín.

"O wúkọ́."

"Ọ̀fun ló ń yún mi."

"Mo gbọ́ ọ, Fọlá. Mi ò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí àwọn èrò ti gbé e lé èjìká.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, Sùmáyà pè. Gbogbo èrò wà lójúde. Bàbá Ògúndèjì ní kí wọ́n gbé ohùn fóònù sókè, kí gbogbo ìlú gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kí ọmọ òun kú oríire.

"Ọ̀gbẹ́ni Abdulwahab, ẹ má bínú. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ nǹkan kan."

Ó tẹ ohùn kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ nígbà ìdíje. Ariwo aago ògiri pálọ̀ Bàbá ni wọ́n kọ́kọ́ gbọ́, kí ikọ́ tó dún. Sùmáyà ní, "Ẹṣin ló wà lọ́wọ́ yín nígbà yẹn, ẹ sì gbé e sílẹ̀." Ó tún tẹ òmíràn. Ikọ́. "Kuìnì nìyẹn, ẹ gbé òun náà sílẹ̀."

Fọláránmi ń wá ibi tí ilẹ̀ ti lanu. Ọlọ́run ló mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá ti kọjá lọ gẹ́gẹ́ bí ikọ́ ará àdúgbò. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìfẹ́dayọ̀ yọ láti inú ilé, abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ikọ́ Fọláránmi nìyẹn!" ó kígbe. "Ibikíbi tí mo bá wà ni mo ti lè dá a mọ̀! Fọláránmi, ṣebí mo ní kí o mu oyin yẹn tán?"

Omi tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

"Ta ni Fọláránmi?" Sùmáyà béèrè.

"Ọ̀rẹ́ mi ni," Wàhábù dáhùn.

"Ṣé ẹ gbọ́ ikọ́ yẹn nígbà tí ẹ ń ta?"

"Mo gbọ́ ọ."

"Ṣé ẹ mọ ohun tó túmọ̀ sí?"

Ó lè parọ́. Ẹnikẹ́ni nínú yín ì bá parọ́. "Mo mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, Àǹtí. Ojú ara rẹ̀ ló fi wò ó. Ọ̀rẹ́ mi kì í ṣe oníjìbìtì. Níbí, òǹwòran máa ń wúkọ́. Kò lo ẹ̀rọ kankan."

"Gbogbo ibi tí ikọ́ yẹn ti dá yín dúró ló bá ti ẹ̀rọ mu," Sùmáyà ní pẹ̀lẹ́. "Ọ̀gbẹ́ni Fọláránmi, ṣé ojú yín ni?"

Gbogbo ojúde kọjú sí i. Wàhábù nìkan ló ń rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ fẹ́ yanjú.

"Fọlá, dá a lóhùn."

Fọláránmi ti fóònù rẹ̀ bọ àpò.

"Fọlá. Sọ fún un pé ojú rẹ ni."

Ilẹ̀ ni Fọláránmi ń wò. Kò nílò láti gbójú sókè kó tó mọ ìgbà tí ẹ̀rín yẹn kúrò lójú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó ní òun gbọ́ ọ bí ẹni gbọ́ ìlẹ̀kùn tó ń pa dé.

Wọ́n yọ orúkọ Wàhábù. Wọ́n ti ojú ewé rẹ̀ pa lórí onláìnì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé oníjìbìtì ni. Wọ́n fagi lé gbogbo ìdíje ọjọ́ náà, àtàwọn tó fọwọ́ ara rẹ̀ jẹ. Fọláránmi kọ̀wé sí wọn, ó lọ bá Sùmáyà ní Òṣogbo, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì. "Èmi ni mo ṣe é, òun kò mọ̀ nípa ẹ̀rọ."

"Mo gbà yín gbọ́," Sùmáyà ní. "Ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ni òfin mọ̀. Ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́. Kò sí ohun tí mo lè ṣe."

Wàhábù kò bú u. Ì bá bú u, ì bá sàn. Àwọn oníbàárà á wá gba aṣọ, wọ́n á ní, "Télọ̀, wúkọ́ ká gbọ́," wọ́n á sì rẹ́rìn-ín. Orúkọ tó fẹ́ kí wọ́n fi kúrò lára ṣòkòtò ti wá lẹ̀ mọ́ ikọ́.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ní ẹ ó gbọ́. Lọ́jọ́ kan, Fọláránmi tún to ìdíje ìkẹyìn yẹn sórí áàpù, ó dé ibi ẹṣin. Áàpù ní òfò ni, bó ṣe wí lọ́jọ́ náà. Ó gbé fóònù sórí ṣájà, ó lọ jẹun. Nígbà tó padà dé, áàpù ti yí ohùn padà. Bí ó ṣe pẹ́ tó fi ń ronú ló rí ohun tí kò kọ́kọ́ rí. Ẹṣin yẹn kì í ṣe òfò. Bí Wàhábù bá fi tọrẹ, ọba ọmọbìnrin Iléṣà náà kò ní ibi tó máa sá sí. Wàhábù ti rí i, òun nìkan, pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Fọláránmi tó ń kọ́ ọ pé kó má kánjú, òun ló kánjú. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó sunkún bí ọmọdé.

Ó ní òun gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún un. Ọyẹ́ ti dé kí ó tó láyà láti lọ. Bàbá Ògúndèjì ti bẹ Wàhábù padà sójúde, òun àti Bàbá ni wọ́n jọ ń ta lọ́jọ́ náà. Èrò kò hó mọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ikọ́ bá gbé á dìde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Wàhábù kò kọlu ẹnikẹ́ni mọ́ náà, pọ́ọ̀nù, pọ́ọ̀nù ló ń tì.

Fọláránmi dúró lẹ́yìn. Wàhábù rí i, kò lé e.

Ìgbà tó yá ni ọ̀nà ṣí. Gbogbo òǹwòran ló rí i, Bàbá fúnra rẹ̀ rí i, ó di fìlà mú. Wàhábù tẹ̀ síwájú lórí àga. Ojú rẹ̀ tàn bíi ti àtijọ́, ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí ẹṣin. Inú Fọláránmi dùn débi pé ó gbàgbé láti mí. Nígbà tó wá mí, eruku ọyẹ́ ló fà sínú.

Ó pa ẹnu dé. Ó fi fìlà dí i. Omi ń dà lójú rẹ̀, ó ń yí padà kó lè sá, ikọ́ náà kò dúró dè é. Ó bú jáde.

Ọwọ́ Wàhábù kúrò lórí ẹṣin.

Kò yíjú. "Kí lo rí?" ó béèrè wọ́ọ́rọ́wọ́.

"Mi ò rí nǹkan kan, Wàhábù. Ọyẹ́ ni. Ọlọ́run ń gbọ́ mi, ọyẹ́ ni. Gbé e lọ!"

Wàhábù gbé ọwọ́ padà sókè orí ẹṣin náà, ó dá a dúró síbẹ̀, ó tẹ́tí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó ti pọ́ọ̀nù kan síwájú.